Iṣu Tó Bá Wa Rìn

Àkùkọ kọ́ ló máa ń jí wa ní agbolé wa ní Ìsọlọ̀. Àkùkọ ti kọ títí, a ti di etí sí i. Fèrè ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ni yóò kọ́kọ́ ké, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru yóò sì máa wọ́ bàtà kọjá lẹ́yìn fèrèsé wa. Bí ìyẹn bá ti rọlẹ̀, a ó gbọ́ rélùwéè lọ́nà Òṣòdì, yóò máa lọ bí àgbàlagbà tó ń kùn sí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá àgbà yóò wúkọ́. Ikọ́ yẹn kì í ṣe ikọ́ àìsàn, agogo àdúrà wa ni. Kí ó tó wú u lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ti wà lórí ẹní ní pálọ̀, ẹni tí oorun bá sì kún ojú rẹ̀ jù ni yóò dá orin. Bàbá ní oorun kì í lè dúró sára ẹni tó ń kọrin. Mo ti dàgbà báyìí, Ọlọ́run ti fún mi ní ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́ láàárọ̀, mo sì dúpẹ́. Síbẹ̀, títí di òní, kí n tó kúnlẹ̀, mo máa ń dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ikọ́.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí kò jìnnà sí ìgbà tí mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá àgbà kò tíì gbà pé òótọ́ ni. Bí a bá fẹ́ sọdá títì ní Bọ́ládé, ibi tí mọ́tò kò ní í gbà wá ni yóò kọjú sí, Màmá àgbà yóò sì fa etí aṣọ rẹ̀ láti yí i padà. Owó epo ti dé nígbà náà. Àwa ọmọdé kò fojú rí epo ọ̀hún, ṣùgbọ́n a rí ohun tó gbé wá: búrẹ́dì tó rọ̀ bí ìrọ̀rí, ìrẹsì tó funfun tí kò ní òkúta nínú, sadíìnì, àti sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń to jọ síwájú ilé gbogbo ẹni tí a mọ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá àgbà ni mò ń gbé, nítorí bàbá àti ìyá mi ń ṣe olùkọ́ ní ìlú mìíràn. Àbúrò bàbá mi, Bùrọ̀dá Délé, tó jẹ́ akọ̀wé ní wáàfù Àpápá, wà nínú ilé náà pẹ̀lú wa. Òun ló máa ń kó ìròyìn ọkọ̀ òkun wálé. Yóò sọ pé ọkọ̀ ìrẹsì tò lórí omi débi pé ojú kò lè rí òpin wọn. Bàbá yóò jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán, yóò gbọn èérún rẹ̀ sọ́wọ́, yóò sì bi í bóyá ọkọ̀ náà ti sọ ọjọ́ tí kò ní í wá mọ́. Bùrọ̀dá yóò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín.

Àgbẹ̀ ni wá. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá mọ Ìsọlọ̀ òní lè rò pé mò ń ṣeré, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé wa nígbà náà, bí o bá kọjá igi ọsàn àti ilé ìdáná, oko ni, oko gidi, títí dé etí omi. Iṣu kan sì wà lára iṣu oko náà tí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Ìtàn rẹ̀ ni ìtàn ìdílé wa. Bàbá àgbà kì í ka orúkọ àwọn baba fún wa bí àwọn àgbàlagbà mìíràn ti ń ṣe. Iṣu yẹn ló fi ń sọ ibi tí a ti wá. Ó ní nígbà tí ogun lé àwọn baba wa kúrò ní ìhà Ọ̀yọ́, oníkálukú gbé ohun tó lè gbé, ẹnìkan gbé ọmọ, ẹnìkan gbé ìkòkò, baba ńlá wa sì di orí iṣu sínú aṣọ, ó so ó mọ́ àyà bí ìyá ọmọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun, ó kọ ebè kí ó tó kọ́ ilé. Àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀, ilẹ̀ náà kò tó wọn pín mọ́, ó sì kan Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ láti ṣí kúrò. Ó wọ rélùwéè wá sí Òṣòdì pẹ̀lú ìyàwó kan, àkéte kan, àti agbọ̀n èbù, ìyẹn àwọn iṣu kéékèèké tí a fi ń gbìn. Ní Ìsọlọ̀, àwọn onílẹ̀ yá a ní ilẹ̀, ìjọ Ọlọ́run kọ́ ọ ní ìwé, iṣu náà sì ta. Abánirìn ni wọ́n ń pè é, nítorí ó ń bá ni rìn. Bàbá máa ń sọ pé ẹni tó ru èbù kò kúrò lóko, oko rẹ̀ ló gbé rù.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nìyí. Nígbà tí iṣu bá kọ́kọ́ dàgbà, Bàbá kì í hú Abánirìn tu. Yóò la ebè jẹ́jẹ́, yóò gé iṣu kúrò lábẹ́ orí, yóò tún da erùpẹ̀ bo orí náà pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀. Eléyìí tó gé la ó jẹ. Orí tó kù nínú ilẹ̀ yóò tún bí àwọn kéékèèké, àwọn wọ̀nyẹn sì ni èbù. Bó bá ti kó wọn jáde, yóò fi eérú pa wọ́n lára kí wọ́n má bàa jẹrà, yóò tò wọ́n sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ní igun àká, níbi tí ewúrẹ́ kò lè dé, yóò sì fi aṣọ funfun bò wọ́n. Àwa ọmọdé kì í dé igun yẹn. Màmá àgbà ní bí òun alára bá fẹ́ wọ ibẹ̀, òun a kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọkọ òun tó wà lábẹ́ aṣọ.

Ní ọdún náà, àwọn awọnlẹ̀ dé. Wọ́n gún èèkàn tí orí rẹ̀ pọ́n sáàárín ebè, wọ́n sì sọ fún àwọn onílẹ̀ pé ilé ni wọn yóò kọ́ síbẹ̀ láti etí omi wá. Kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni. Àwọn onílẹ̀ fúnra wọn wá bẹ Bàbá, wọ́n sì bá a wá ilẹ̀ mìíràn lọ́dọ̀ àna wọn lẹ́yìn Ọ̀tà. Bàbá gbà. Ó ní àwa ni a mọ bí a ti ń ṣí. Ó kó gbogbo ohun tó wà nínú oko jáde kó tó di pé katapílà wọlé, kò ṣẹ́ ku orí iṣu kan nínú ilẹ̀. Gbogbo Abánirìn tó wà láyé, bí àwa ti mọ̀ ọ́n, wà lábẹ́ aṣọ funfun ní igun àká.

Ọdún yẹn kan náà ni Bùrọ̀dá Délé gbé ìyàwó wálé, ọmọ Abẹ́òkúta, ọmọ olùkọ́ ìjọ. Àǹtí Fúnmiláyọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é. Òun náà kò sì pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Adúmáradán ló ń pe èmi, bẹ́ẹ̀ mo gbẹ bí ẹja panla nígbà náà. Ó máa ń kọrin bó bá ń gbálẹ̀, ó máa ń kọrin bó bá ń ṣa ẹ̀wà, orin ìjọ ni ṣáá, Màmá àgbà sì máa ń sọ pé ilé wa ti di ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní àlùfáà. Ó fẹ́ kí a fẹ́ràn òun, ó hàn lára rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Bàbá bá sọ níbi àdúrà ló ń fi sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí Bàbá kì í fẹ́ẹ́ fi sílẹ̀ bí ìkórè bá ti ń sún mọ́. Ó ní kí olúkúlùkù wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ fi pamọ́ jù nínú ilé, òun gan-an ni kí ó kọ́kọ́ gbé fún Ọlọ́run.

Nígbà tí Sátidé ìkórè dé, Bàbá ti lọ wo ilẹ̀ Ọ̀tà, ó sì ránṣẹ́ pé láti ibẹ̀ ni òun yóò ti wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Sọ́ńdè. Màmá àgbà wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn ìyá tí wọ́n ń se oúnjẹ nínú ọgbà ìjọ. Ó ní kí Ìyàwó wọ àká, kí ó mú iṣu ìkórè, kí ó mú èyí tó dára. Ìyàwó wọlé. Iṣu ńláńlá wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, erùpẹ̀ ṣì wà lára wọn, adìẹ ń rìn lórí wọn. Ó wo igun, ó rí àwọn kéékèèké tí a tò sórí ewé, tí a fi eérú pa lára, tí a fi aṣọ funfun bò. Ohun tí ọwọ́ fi pamọ́ jù. Mo ṣì rí i bó ṣe kúnlẹ̀ nídìí igbá omi, tó ń fi kànrìnkàn wẹ eérú kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń kọrin, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun. Ó kó gbogbo wọn sínú agbọ̀n kan, ó fi aṣọ funfun yẹn tẹ́ ẹ. Ọsàn ló fún èmi láti gbé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdílé kọ̀ọ̀kan a máa jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ohun tó mú wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbé páálí mílíìkì àti àpò ìrẹsì lọ́dún náà. Nígbà tó kan ìdílé wa, Ìyàwó ló ṣáájú, agbọ̀n wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn. Bàbá ti wọlé nígbà náà, eruku Ọ̀tà wà lára bàtà rẹ̀. Mo rí i tó rí aṣọ funfun. Mo rí i tó na ọrùn, tó wo inú agbọ̀n bí wọ́n ti ń sọ ọ́ kalẹ̀. Orin tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò dúró, ṣùgbọ́n ohùn ti kúrò nínú rẹ̀, ètè nìkan ló ń mì. Màmá àgbà fẹ́ dìde. Bàbá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí àlùfáà fi gbàdúrà tán lórí gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí a délé ni Ìyàwó tó mọ ohun tó ṣe. Bùrọ̀dá Délé ló sọ fún un, Bùrọ̀dá fúnra rẹ̀ sì fẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì lójú ẹsẹ̀ láti rí àlùfáà, kí wọ́n gba iṣu ńlá rọ́pò. Ní ìjọ tiwa, a kì í ta ohun ìkórè ní gbàǹjo. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ń pín in fún àwọn opó àti arúgbó. Bùrọ̀dá ní àyè ṣì wà. Bàbá ní kí ó jókòó.

"Ẹ jẹ́ n lọ, Bàbá. Kí wọ́n tó pín in."

"A ti gbé e síwájú Ọlọ́run, o wá fẹ́ kí n sọ fún un pé kí ó gbé e dìde díẹ̀, kí n yẹ ìdí rẹ̀ wò?"

"Wọ́n máa sè é jẹ ni, Bàbá."

"Bó bá jẹ́ jíjẹ ni ó fẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́, èmi kò ní í lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà opó, kí n máa wo inú ìkòkò rẹ̀."

Ìyàwó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kò ké, omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀ sára ìró rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé ọ̀rọ̀ tí òun gbọ́ lẹ́nu Bàbá ni òun ṣe. Bàbá ní òótọ́ ni. Ó ní òun ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn láti ọdún mọ́dún wá, òun a sì máa fi iṣu ńlá rẹ́ Ọlọ́run jẹ, pé nínú gbogbo ilé, Ìyàwó ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba òun gbọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ sí àká, ó ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ jọ, ó kó o dànù. Ó wá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má ṣe béèrè ọ̀nà tí agbọ̀n náà gbà.

Mo ti ka ìwé díẹ̀ láti ìgbà náà, mo sì ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mú tó gbà kí ó mú òun bí Bàbá àgbà. Kò rọrùn fún un. Ó ń lọ sí Ọ̀tà, ó ń bọ̀. Ó gbin ẹ̀gẹ́, ó gbin àgbàdo, ó kọ ebè iṣu, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo. Bùrọ̀dá bẹ̀ ẹ́ pé kí òun ra èbù fún un lọ́jà. Ó ní iṣu àlejò dára fún jíjẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló bá wa rìn. Ní Ìsọlọ̀, katapílà ti tẹ́ oko bí ẹní, igi ọsàn nìkan ló ṣẹ́ kù. Bàbá a gbé àga síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, yóò jẹ búrẹ́dì rẹ̀, kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun mọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wá kàn jù ni Ìyàwó. Kò sẹ́ni tó bá a wí, ìyẹn ló sì le jù. Orin kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń gbálẹ̀ nídàákẹ́, ó ń ṣa ẹ̀wà nídàákẹ́, ilé wa sì di ibi tí a ti ń gbọ́ fèrè ilé-iṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn obìnrin àdúgbò ti gbọ́, ọ̀kan nínú wọn sì sọ lẹ́bàá kànga pé ìyàwó kan dé, ó kó ìran ọkọ lọ fi ṣe sàráà. Ní ọjọ́ yẹn ni Ìyàwó di ẹrù rẹ̀. Ó fẹ́ padà sí Abẹ́òkúta, sílé bàbá rẹ̀, nítorí ó ní òun kò lè máa jẹun nínú ilé tí òun ti paná rẹ̀. Màmá àgbà bá a níbi tó ti ń di aṣọ. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó lé ẹrù náà.

"Ó dára, máa lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi ti jókòó, orúnkún sì ń dùn mí. Bí mo bá ti dìde, wàá gbé e."

Kò dìde títí Ìyàwó fi rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ó wá sọ fún un pé òun alára, nígbà tí òun dé ọ̀dọ̀ ọkọ lẹ́bàá Ọ̀ṣun, òun gbé ìkòkò omi ìyá ọkọ òun fọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìkòkò tó bá wọn bọ̀ láti inú ogun. Ó ní ojú omi kò gbẹ nínú ilé náà títí di òní. Ìyàwó tú ẹrù. Ṣùgbọ́n kò kọrin.

Òjò wá, òjò lọ. Ìgbà iṣu tuntun dé, a sì wà nínú ọlidé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan wọ agbolé wa pẹ̀lú báàfù lórí. Ìyá Ẹ́sítà ni, opó kan nínú ìjọ wa, ará Ọ̀ṣun bíi tiwa. Ó ń ta ògì ní Bọ́ládé, ó sì ń gbé yàrá kan létí ojú irin. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá lábẹ́ igi ọsàn, ó ní òun wá dúpẹ́ ohun tí a ṣe fún òun nígbà ìkórè. Ó ní òun ìbá ti wá ṣáájú, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ fi ẹnu lásán dúpẹ́. Ó ní nígbà tí wọ́n ń pín nǹkan, àwọn yòókù wo kékeré iṣu inú agbọ̀n yẹn, oníkálukú sì na ọwọ́ sí ńlá. Bí òun ti rí i ní tòun, òun mọ̀ pé èbù ni, nítorí ọmọ àgbẹ̀ ni òun, òun sì gba gbogbo agbọ̀n náà. Òun sì wí nínú ara òun pé ọmọlúàbí ni ìdílé yìí, pé wọn kò fẹ́ kí opó jẹ lẹ́ẹ̀kan kó parí.

"Gàrí tí wọ́n fún mi ni mo jẹ, Bàbá. Ọwọ́ mi kò lè gbé èbù sínú ìkòkò. Mo kọ ebè sí etí ojú irin níbẹ̀, rélùwéè ló ń bá mi lé ewúrẹ́."

Ó ṣí ewé orí báàfù. Bàbá mú iṣu kan. Ó yí i, ó wo ọrùn rẹ̀, ó fi èékánná họ ọ́ lára, ó gbé e símú. Mo gbọ́ tí Màmá àgbà mí sínú, tí kò mí síta. Nígbà tí Bàbá yóò sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé.

"Orí ńkọ́, Ìyá Ẹ́sítà? Ṣé o hú u tu?"

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí a bi ní ìbéèrè tí kò yẹ. "Ta ló ń hú orí, Bàbá? Mo gé ìdí, mo bo orí mọ́lẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ewé rẹ̀ ṣì tutù."

Bàbá kò padà sórí àga. Ilẹ̀ ló jókòó sí, pẹ̀lú iṣu lórí itan, ó sì ń rẹ́rìn-ín láìsí ohùn, èjìká rẹ̀ ń mì. N kò tíì rí i jókòó sílẹ̀ rí. Màmá àgbà ló ní láti ṣàlàyé fún Ìyá Ẹ́sítà, nítorí ẹ̀rù ti ń ba obìnrin náà pé bóyá òun ti ṣe ohun tí kò dára. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó ní kí Bàbá wá kó gbogbo rẹ̀, orí àti ìdí. Bàbá ní rárá o. Èyí tí òun fún Ọlọ́run ti di ti Ìyá Ẹ́sítà, àfi kí àwọn méjèèjì jọ pín ọmọ tí àwọn orí náà bá bí. Lẹ́yìn náà ló pe Ìyàwó. Ìyàwó ti wà lẹ́yìn ògiri ilé ìdáná ní gbogbo àkókò yìí, kò lè jáde.

"Wá," ni Bàbá wí. "Ìwọ lo gbé e lọ. Bí èbù bá ti gbó, ìwọ ni wàá rù ú dé Ọ̀tà."

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ó má lọ sí etí ojú irin. Yóò dúró lórí ebè Ìyá Ẹ́sítà, rélùwéè yóò kọjá, yóò ṣí fìlà fún un. Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n kó èbù náà jáde, wọ́n pín in, Ìyàwó sì ru tiwa wọ mọ́tò Ọ̀tà. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣáájú ikọ́ Bàbá, ṣáájú fèrè pàápàá, orin rẹ̀ ló jí mi.

Ilẹ̀ Ọ̀tà ti di ilé báyìí pẹ̀lú, Abánirìn sì ti tún ṣí lẹ́ẹ̀kan síwájú sí i. Bàbá àti Màmá àgbà ti lọ sinmi. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà, ní ìdílé wa, iṣu ńlá la ń jẹ nílé. Èbù la ń gbé lọ síbi ìkórè, ìdajì gbogbo ohun tó bá wà lábẹ́ aṣọ, àwọn opó sì mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Ní ọdún tí àìsàn kan pa èbù wa run, ọ̀dọ̀ àwọn tí a ti fún ni a ti rí i gbà padà. Àǹtí Fúnmiláyọ̀ ti darúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn, Adúmáradán ló sì ń pè mí títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sanra. Òun ṣì ni ẹni tó ń ṣáájú ìdílé wa lọ sí pẹpẹ, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bá a di agbọ̀n mú. Kì í wẹ eérú kúrò lára èbù mọ́.